Èèkàn Ọgbọ̀n Ìṣísẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé mi ní Ìdímù, mò ń mu tíì, nígbà tí bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ta okùn rẹ̀ láti igun kan dé ìkejì. Ó fi ìka méjì fa okùn náà, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Okùn dún. Ìró kékeré ni, ó gbọ̀n díẹ̀ kó tó dákẹ́. Ọmọ ọmọ mi tó jókòó tì mí kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Èmi gbé ife tíì sílẹ̀ ní tèmi, nítorí ìró náà gbé mi padà lójijì sí ẹ̀yìnkùlé kan tí kò sí mọ́, níbi tí bàbá mi ti máa ń ta ọfà.

Mo sọ fún ọmọ náà pé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, àgbọ̀nrín máa ń gba ìhà ibí yìí kọjá lọ mu omi. Ó ní, "Màmá Àgbà, àgbọ̀nrín kẹ̀? Ní Ìdímù?" Ó bú sẹ́rìn-ín. N kò bá a wí. Ẹni tó bá rí Ìkòtún ìtòsí wa lóde òní, bí àwọn èèyàn ṣe ń fi èjìká gbá ara wọn láti ráyè kọjá, báwo ló ṣe máa gbà pé ẹranko tó ń sá fún ìró ewé gbígbẹ gbé àdúgbò yìí rí? Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí èèyàn bá ti kọjá ilé wa, ilé mẹ́ta péré ló kù kó wọ igbó, igbó náà sì lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀nà Ìgàndò. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń ti inú rẹ̀ yọ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo máa ń dúró wò ó, mo sì máa ń bi ara mi pé kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò rí.

Oníbéèrè ọmọ ni mí. Bàbá mi sọ mí ní Kí-ló-dé, orúkọ náà sì mọ́ mi lára ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ lọ. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọkùnrin kúkúrú tí apá rẹ̀ tín-ín-rín, tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan wà létòlétò. Kódà, ó máa ń to bàtà wa sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń to ọmọ ilé ìwé sórí ìlà. Ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́mi wà ní ilé ìwé tí wọ́n ń gbé, nítorí náà èmi nìkan ni mo wà nílé tí mo lè máa tọ bàbá mi lẹ́yìn kiri.

Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Ọrun àti ọfà ló fi ṣọdẹ títí ó fi kú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra ìbọn tipẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọrun náà wà lórí ìṣó ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Ìkẹ́rẹ́. Òfin kan sì wà nínú ẹbí lórí rẹ̀: ọmọ tó bá fi ọrun yẹn pa àgbọ̀nrín ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú lè gbé e lọ láti Kérésìmesì kan dé òmíràn. Tí ọdún bá yí po tí kò rí ẹran pa, kó dá ọrun padà sórí ìṣó. Àwọn àbúrò bàbá mi méjì ti gbé e rí, wọ́n sì ti dá a padà.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, bàbá mi dìde láàárín ẹbí, ó ní òun náà fẹ́ gbé e. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ní, "Tíṣà, ṣé ṣọ́ọ̀kì lo máa fi ṣe ọfà ni?" Bàbá mi bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bàbá wọn kó gbogbo àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sígbó, ó wá mú bàbá mi nìkan lọ sí ilé ìwé. Kì í ṣe pé ó mọ̀wé jù wọ́n lọ. Bàbá wọn fọwọ́ kan apá rẹ̀ ni, ó ní apá yìí kò lè fa ọrun. Gbogbo ohun tí ìwé fún bàbá mi, iṣẹ́, ilé, ọ̀wọ̀ àdúgbò, kò tíì pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀sín. Ní gbogbo Sátidé, bàbá mi á jí ní ìdájí, á wọ ṣòkòtò kákí, á wọ igbó lọ. Tó bá di aago mẹ́wàá, á padà dé pẹ̀lú èèmọ́ tó lẹ̀ mọ́ gbogbo ṣòkòtò. Àwọn aládùúgbò á kígbe pé, "Tíṣà, ẹran dà?" Á ní, "Àgbọ̀nrín ò wá sí kíláàsì lónìí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Nígbà tó di oṣù kẹrin, Sátidé méjì tẹ̀ léra tí kò jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọrun wà lára ògiri, kò sì wò ó.

Onílé wa ló bá a sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ọmọ Àwórì ni, ọdẹ ni òun náà kí orúnkún tó kọ̀ fún un, Bàbá Onílé la sì ń pè é. Ó fi ọ̀pá rìn wá, ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

"Tíṣà, kí lo ní o fẹ́ ṣe lọ́dún yìí ná?"

"Àgbọ̀nrín ni mo fẹ́ pa, Bàbá."

"Àgbọ̀nrín ò sí lọ́wọ́ ẹ. Ó lè wá, ó lè má wá, ẹ ò jọ ṣàdéhùn. Ibo lo lè dúró sí tí o máa ta ọfà tí kò ní tàsé? Ìyẹn ló wà lọ́wọ́ ẹ. Lọ wọn ìyẹn jàre."

Bàbá mi ń wò ó bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìṣirò kan yé. Bàbá Onílé dìde, ó fi kún un pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà sórí ẹpọ̀n. Ìyá mi gbọ́, ó ní kí n wọlé.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá mi mú ìwé kíkọ tuntun kan, èyí tí táìmúsù tébù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ki koríko gbígbẹ sínú àpò ìrẹsì, ó fi èédú ya róbótó kan sára rẹ̀, kò ju àwo ife tíì lọ. Ó gbé àpò náà ti òkìtì ọ̀gán tó wà ní òpin ẹ̀yìnkùlé, ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sì ri èèkàn kan síbẹ̀. Ó kọ òfin sójú ewé kìn-ín-ní: ọfà márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún léraléra, kí ọ̀kankan má jáde nínú róbótó. Ìgbà tó bá ṣe é ni èèkàn tó lè sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún. Bí ọfà kan bá tàsé lọ́jọ́ karùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ní alaalẹ́, á jókòó, á máa fi báírò pupa máàkì ara rẹ̀. Mo máa ń yọjú wo ohun tó kọ. "Ọwọ́ ń gbọ̀n. Jẹun kó o tó ta ọfà." "Mẹ́rin nínú márùn-ún. O yára jù." Lọ́jọ́ kan tí ó mú gbogbo rẹ̀, tó wá yíjú wò bóyá àwọn aládùúgbò rí i, ó kọ ọ́ pé, "Ìgbéraga," ó sì gé máàkì méjì kúrò. Mi ò rí ẹni tó le mọ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn. Ó tún ti ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì bó bá ń wẹ̀.

Ìbéèrè mi kò níye nígbà náà. Kí ló dé tí ọfà fi ń mì bí ìrù aláǹgbá kó tó dúró sínú àpò? Kí ló dé tó fi ń da eérú díẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ igbó? Ó ní kí òun lè rí ibi tí atẹ́gùn ń lọ ni, nítorí imú ni àgbọ̀nrín fi ń mọ ọ̀tá. Nítorí imú yẹn náà, kò fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ Ẹtì títí di Sátidé. Ìyá mi ní tó bá jẹ́ pé òórùn ni àgbọ̀nrín ń sá fún, ọ̀ràn ti tán, nítorí òun gan-an ti fẹ́ sá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi oró sẹ́nu ọfà bíi ti bàbá rẹ̀. Ó ní bàbá òun kò kọ́ òun ní oró, ó ti bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọfà tirẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wọ ibi tó yẹ gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹran á jìyà.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó mú mi wọ igbó. Ó fi ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín hàn mí nínú ẹrẹ̀, ó dà bí ẹ̀wà tí a là sí méjì. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka tọ́ ọ. Ẹranko tí mi ò tíì rí rí ti dúró síbí lóòórọ̀ ọjọ́ yẹn! Mo rò ó títí tí mo fi sùn. Bàbá mi fi igi ayùnrẹ́ kan hàn mí pẹ̀lú, níbi tó ti máa ń ba dè wọ́n. Láti ìdí igi náà dé ojú ọ̀nà tí àwọn ẹran ń gbà lọ sódò, àbàtà ló wà láàárín, kò sì sí ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí tó tún sún mọ́ ọn. Ó ti ká ṣòkòtò sókè rìn ín, ó sì ti kà á. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni. Nítorí náà, títí á fi mú ọgbọ̀n ní ẹ̀yìnkùlé láìtàsé, kò ní ta ọfà sí ẹran kankan, bó tilẹ̀ wá kí i ní káàárọ̀.

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, màrúndínlọ́gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ gbà á títí di oṣù kẹwàá. Bàbá Onílé máa ń gbé àga rẹ̀ wá síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ wá wòran. Ìgbà tí èèkàn dé ọgbọ̀n ni gbogbo nǹkan dúró. Lónìí, ọfà mẹ́ta á wọlé. Lọ́la, mẹ́rin. Ọ̀túnla, méjì. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́rin. Oṣù kọkànlá ń tán lọ, Kérésìmesì ń bọ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì tún dákẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo yọjú wo ìwé, mo rí i pé kò kọ nǹkan kan síbẹ̀, báírò pupa kàn dùbúlẹ̀ lórí ewé funfun. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Èmi ni mo ń gbá ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbá dé ìdí èèkàn, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo fa èèkàn náà tu. Mo fi ẹsẹ̀ mi kan wọn ilẹ̀ sí ìhà òkìtì ọ̀gán, mo rì í síbẹ̀, mo fi yẹ̀pẹ̀ dí ojú ihò àtijọ́, mo sì fi ìgbálẹ̀ gbá orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ṣoṣo, ta ló máa mọ̀? Nírọ̀lẹ́, bàbá mi fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan èèkàn bó ti máa ń ṣe, ọfà mẹ́ta wọlé. Ní ọjọ́ kejì, mo tún fi ẹsẹ̀ kan kún un. Ní ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe é, ẹsẹ̀ kan lójúmọ́, lẹ́yìn náà ni ọfà márààrún wọlé, tí mo sì dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ márùn-ún tẹ̀ léra, kò tàsé. Lọ́jọ́ karùn-ún, bàbá mi ju fìlà sókè. Ó gbé mi, ó fò pẹ̀lú mi, Bàbá Onílé fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ìyá mi jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gààrí. Inú mi dùn gan-an. Ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé èmi kọ́ ni mo ta ọfà, òun ló ta á.

Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tó wọ igbó ní Sátidé yẹn. Ní aago mẹ́sàn-án, mo rí i tó ń bọ̀, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n di ẹrù lé lórí. Ọfà mẹ́rin ló wà nínú apó rẹ̀ dípò márùn-ún. Ó lọ bá Bàbá Onílé tààrà. Mo gbọ́ tó ní àgbọ̀nrín jáde sí ojú ọ̀nà, òun fa ọrun, òun sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ìdí ayùnrẹ́. Ọfà lọ dáadáa, àfi pé ó relẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn ló bà á. Ẹran náà fò sókè, ó sì sá lọ pẹ̀lú ọfà lára. Ẹ̀jẹ̀ wà lára koríko.

Nílé bàbá mi àgbà, ẹni tó bá ta ẹran lọ́gbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ gbígbóná, kò sì gbọdọ̀ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì títí á fi rí i. Bàbá Onílé pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ náà lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá mi sun ilẹ̀ pálọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ó tún jáde, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ní ká gbàdúrà, ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Ẹran kan tí mo ti fọwọ́ kan ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ń sá kiri nínú igbó pẹ̀lú irin lára, ẹsẹ̀ tèmi mẹ́rìnlá ló sì fà á.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé ẹran náà dé. Wọ́n bá a láàyè nínú koríko etídò, kò lè dìde mọ́. Bàbá mi fi ọfà mìíràn parí ìrora rẹ̀, láti ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Àdúgbò kún ẹ̀yìnkùlé wa. "Tíṣà! Tíṣà!" Wọ́n ń lu ìkòkò, àwọn obìnrin ń dáná. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na apá ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Apá yìí náà ni. Bàbá mi ti mọ̀ láti kékeré mi. Mo kàn ń tan ara mi jẹ ni."

Mo lè fara da kí ó nà mí. N kò lè fara da èyí.

"Dádì," mo ní, "apá yín kọ́. Èmi ni mo sún èèkàn."

Kò bi mí pé kí ló dé. Ó ní, "Mélòó?"

"Ẹsẹ̀ mi mẹ́rìnlá."

Ó dìde, ó la àárín èrò kọjá lọ sí ìdí òkìtì ọ̀gán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó padà, ó tún un kà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èémí kan jáde lára rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fọwọ́ òsì di apá ọ̀tún rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"O fẹ́ kí inú mi dùn," ó ní. "Inú mi sì dùn. Ta ló wá jìyà rẹ̀?"

Ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń bó awọ ẹran. Mo wò ó. Mo sunkún títí tí ìyá mi fi wá gbé mi. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó dùn mí tó o.

Ìyá mi ni kò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ dé Ìkẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹran ṣá kú, àbí kò kú? Ọrun yẹn náà lẹ fi pa á. Kí lẹ tún ń wá?" Ní Kérésìmesì, bàbá mi gbé awọ àti ọrun síwájú ẹbí. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, Bàbá Ìkẹ́rẹ́ ti dìde láti dì mọ́ ọn, nígbà tí bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní láti ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun kì í tàsé. Ó ní ibi ọgbọ̀n ni òun ti ta ẹran yìí, òun kò sì tíì dé ọgbọ̀n, ẹran náà sì sá fún ọjọ́ méjì kí òun tó rí i parí. Kò dárúkọ mi. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni sún nǹkan kan. Bàbá Ìkẹ́rẹ́ wo awọ náà pẹ́, ó gba ọrun, ó sì gbé e kọ́ padà sórí ìṣó.

Mo rò pé ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní, Bàbá Onílé fún bàbá mi ní igi àtòrì kan tó ti gbẹ dáadáa, bàbá mi fúnra rẹ̀ sì gbẹ́ ọrun tuntun nínú rẹ̀. Ó gé ọ̀pá kan tó ṣe déédéé pẹ̀lú ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan, ó gbé ọ̀pá àti èèkàn lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ni kó o máa wọ̀n ọ́n, kó o sì máa rì í."

"Èmi kẹ̀, Dádì?"

"Ta ló mọ ohun tí ẹsẹ̀ kan lè ṣe jù ọ́ lọ?"

A bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá. Ìgbàkígbà tí mo bá wọn ilẹ̀ tán tí mo ri èèkàn, bàbá mi á dúpẹ́, á wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tún un kà. Kò bínú. Ó kàn ń tún un kà ni. Ojú máa ń tì mí, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Ọdún méjì ó lé ló gbà. Ní àárín ìgbà náà ni katakata, ẹ̀rọ tó ń wó igi, wọ igbó. A máa ń gbọ́ ọ láti àárọ̀. Wọ́n wó ayùnrẹ́, wọ́n da iyanrìn sí àbàtà, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri tuntun pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe fún títà. Ìkùukùu àárọ̀ kò wá mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàbá mi mú ọgbọ̀n nígbẹ̀yìn, ọgbọ̀n tó pé, ọjọ́ márùn-ún gbáko, kò sí àgbọ̀nrín kankan mọ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa títí dé Ìgàndò. Bàbá Onílé ti kú. Èmi àti bàbá mi nìkan la wà níbẹ̀.

Mo ní, "Dádì, àgbọ̀nrín ti tán. Kí la fẹ́ fi ọgbọ̀n ṣe?"

Ó ń fa ọfà yọ nínú àpò. Ó ní, "Ṣé àgbọ̀nrín ni mò ń wọ̀n ni?"

Ó di ọjọ́ pípẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Bí ọdún tuntun bá dé báyìí, àwọn ọmọ mi á máa kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú fóònù wọn: ilé, ọkọ̀, ìlú òyìnbó. Mo máa ń bi wọ́n pé èwo nínú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, ta ló sì ń bá wọn ri èèkàn? Wọ́n ní Màmá ti tún dé. Ẹ̀yìnkùlé wa ti di ilé alájà mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí òkìtì ọ̀gán wà. Ọrun bàbá mi àgbà ṣì wà lórí ìṣó ní Ìkẹ́rẹ́, kò tíì sẹ́ni tó gbà á. Mo ṣì ń rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé bóyá bàbá tó fọwọ́ kan apá bàbá mi lọ́mọdé ì bá ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ká ní ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé awọ sílẹ̀ ní pálọ̀.

Ní ọjọ́ kejì tó mú ọgbọ̀n, bàbá mi dé láti ilé ìwé, ó bọ́ bàtà, ó ní kí n lọ sún èèkàn sí màrúndínlógójì. Mo gbé ọ̀pá, mo wọ̀n ọ́n láti ìdí òkìtì, mo ri èèkàn, mo sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráyè kà á bó ti máa ń ṣe.

"Ó pé?" ó bi mí.

"Ó pé, Dádì."

Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan èèkàn, ó sì fa ọrun. Kò tún un kà.